Lẹ́tà sí Kẹ́mi lórí ọ̀rọ̀ omi Mákùn-Omi

Kẹ́mi ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà n'Íjẹ̀bú-Òde níbí o.

Mo lọ kí àǹtí mi ní Mákùn-Omi, omi tí wọ́n ń lò níbẹ̀ bà mí nínú jẹ́ gan-an. Omi iyọ̀ ni bòhóòlù wọn ń fà, ọṣẹ ò hó nínú ẹ̀, inú kẹ́tùlù ti funfun báláú, píọ̀ wọ́tà tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wá ni wọ́n ń rà f'ọ́mọ. Àwọn kan ń sè é, wọ́n ń da álọ́ọ̀mù sí i, bẹ́ẹ̀ téèyàn bá se omi iyọ̀, ṣe ni iyọ̀ ẹ̀ á tún le sí i.

Ẹ̀rọ sólà tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi wà o. Ní Kiunga, létí òkun Kenya, àjọ kan tó ń jẹ́ GivePower gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní 2018, wọ́n ní ó lè mú omi tó 75,000 lítà wá lójúmọ́. Ṣó o rántí bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì fún gbágùúdá nínú àpò kó tó di gàrí? Báyẹn náà ni, páǹpù á fipá ti omi gba inú awọ kan tó tín-ín-rín, omi á kọjá, iyọ̀ á dúró. Títì yẹn ló ń jẹ iná, 1,000 lítà omi òkun lè gba yúníìtì 3 sí 4, àmọ́ omi bòhóòlù tí iyọ̀ ẹ̀ ò tó t'òkun ò ní gbà tó yẹn, torí ẹ̀ bòhóòlù yẹn gan-an ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n má tiẹ̀ náwó púpọ̀ sí bátìrì, kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nígbà tí òòrùn bá wà, kí tàǹkì ńlá kún, wọ́n á rí omi pọn lálẹ́.

Omi oníyọ̀ líle tó máa ṣẹ́kù ló ń kọ mí lóminú, wọn ò gbọ́dọ̀ kàn dà á síbi tí wọ́n ti ń pẹja. Awọ yẹn náà, ó ní ìgbà tó máa ń bàjẹ́ tí wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, ta ló máa sanwó ẹ̀? Bí bòhóòlù ṣe ń kú káàkiri nìyẹn, wọ́n á ṣí i pẹ̀lú ìlù, ẹni tó máa tún un ṣe ò ní sí.

Jọ̀ọ́ bá mi gbé e dé iwájú ẹgbẹ́ régbérégbé yín. Kẹ́ ẹ tó dáwó ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ rán ọmọ ìlú méjì lọ kọ́ títún ẹ̀ ṣe, ká sì máa ta omi náà lówó pọ́ọ́kú, ká fi ra awọ tuntun. Tí wọ́n bá gbà, tètè jẹ́ kí n gbọ́, màá lọ bá àwọn àgbà ìlú sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Bísí