Àdùkẹ́, mo ti gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ

Àdùkẹ́ mi, mo ti gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn inú ṣọ́ọ̀bù ni, kọ́sítọ́mà dúró ó ń bèèrè iye àǹkárá, mo ní kó jọ̀ọ́ ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ láti Arizona, ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí cactus, igi ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀ yẹn, ti lẹ̀ mọ́ ẹ ní ṣòkòtò tí ẹnìkejì ẹ fi òòyà yọ ọ́. Òòyà! Èmi tí mo rò pé torí irun ni mo ṣe kó méjì sí báàgì ẹ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó o yára sọ kọjá, o rò pé mi ò gbọ́. O ní omi ẹ ti tán kó tó di aago mọ́kànlá, orí ń fọ́ ẹ, o ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kí wọ́n má bàa ní ọmọ Áfíríkà ni oòrùn ń pa. Oòrùn Ìbàdàn kọ́ nìyẹn o. Tibí, wàá làágùn aṣọ á rin, tibẹ̀ yẹn atẹ́gùn gbẹ débi pé òógùn ti gbẹ kó o tó mọ̀ pé o làágùn, omi ara ẹ á máa lọ o ò ní rí i.

Ahun tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn òjò ní Saguaro National Park yẹn ńkọ́? O fẹ́ gbé e ya fọ́tò, lẹ́kítọ́rà yín pariwo, ó ní omi tó mu ló tọ́jú sínú àpò ìtọ̀ de ọ̀gbẹlẹ̀, téèyàn bá gbé e tẹ́rù bà á, á tọ̀ ọ́ dànù, òùngbẹ sì lè pa á. Háà! Gbogbo àlọ́ ìjàpá tí màmá mi pa fún wa, kò sí èyí tó sọ pé ìtọ̀ ló ń fi ṣahun. Ahun mọ iye omi tó kù sí i lára, ìwọ ńkọ́?

Mo mọ ibi tó o ti rí ìwà kí nǹkan máa dùn ẹ́ kó o má sọ yẹn ṣá. Bàbá mi, ọdẹ Ṣakí, ki ọwọ́ bọ ihò òkété, ejò bù ú jẹ, ó rìn délé kò sọ̀rọ̀, ojú ń ti ọdẹ. Ìgbà tí ọwọ́ wú dé ìgúnpá ni màmá mi rí i. Ìka yẹn ò ká mọ́ títí tó fi kú. Ejò tiyín ń mi ìrù bíi ṣẹ́kẹ́rẹ́, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n má ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tí ojú ẹ ò dé.

Odò gbígbẹ tẹ́ ẹ ti jókòó jẹun yẹn, tí òjò bá ṣú lórí òkè, kódà tí ò kán sí yín lórí, ẹ kúrò níbẹ̀, àgbàrá lè ti òkè wá. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn ní 1980 mọ ohun tí omíyalé odò Ògùnpa ṣe.

Cactus gíga tó o fara tì nínú fọ́tò, tó ní apá mẹ́rin, ṣé o kí i? Wọ́n ní ó máa ń tó ọdún 50 sí 75 kó tó yọ apá àkọ́kọ́, àgbà ni.

Tẹ́ ẹ bá tún ń lọ, omi lítà 4 ni kó o gbé, ya fọ́tò àwọn ike náà ránṣẹ́ sí mi kó o tó wọ bọ́ọ̀sì. Tórí bá ti ń fọ́ ẹ, pariwo, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Òòyà míì ń bọ̀.

Màmá ẹ