Dọ́là ti wọ ọ̀rọ̀ ẹja Ẹ̀pẹ́

Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́.

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

O kú òtútù Kánádà o. Àwọn ìbejì ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi ẹja tó gbówó lórí.

O ní kí n sọ bí èmi àti kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ ṣe ń ṣe sí. Inú Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ni ìwé gbèsè wà báyìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó ba ọjà mi jẹ́. Mo ṣe bí o ti wí: mo kọ iye kílò àrọ̀ kan, ₦4,000, sí àpótí F1, ìyẹn lẹ́tà F, ìlà kìn-ín-ní. Mo wá kọ owó yìnyín, ₦1,200, sí F2 lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ =B2*F1, ìyẹn kílò tó wà ní B2 ní ìlọ́po iye tó wà ní F1, fún oníbàárà àkọ́kọ́ tó gbé kílò 10, ó gbé ₦40,000 jáde. Inú mi dùn, mo fà á wálẹ̀ dé ìlà ìkẹ́yìn kó lè ṣírò ti àwọn tó kù, mo sì fi iye owó ránṣẹ́ sí kálukú lórí WhatsApp.

Oníbàárà kejì, ẹni tí bàtà mi máa ń jẹ lọ́nà ilé rẹ̀ kó tó sanwó, sanwó kí ilẹ̀ tó mọ́! Ara fu mí. Kílò 15 ló gbé, ₦18,000 ni mo kọ sí i. Bí mo ṣe fa fọ́múlà wálẹ̀, B2 di B3 bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n F1 náà bá a rìn, ó di F2. Iye yìnyín ni mo fi ta àrọ̀! Àwọn tó kù bọ́ sí ibi tí kò sí nǹkan kan, òdo ni gbèsè wọn. Títí di òní, ₦42,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ ìyá yẹn. Ó ní ohun tí mo kọ lòun san.

Ọmọ tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló yọ mí. Ó ní kí n fi àmì dọ́là dè é: =B2*$F$1. Mo ní ṣé dọ́là tún ti wọ ọ̀rọ̀ ẹja Ẹ̀pẹ́ ni? Àmì tó ṣáájú lẹ́tà ni kì í jẹ́ kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ṣáájú nọ́ńbà ni kì í jẹ́ kó sún wálẹ̀, bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó létí ọ̀sà. F$1 tó èmi tí mo kàn ń fà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n méjèèjì ni mo ń fi sí i. Ìbẹ̀rù ejò ni.

Ó tún ku ọ̀kan. Àrọ̀ di ₦4,500 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo yí F1 padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìlà yí padà, mo pàtẹ́wọ́. Àṣé gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ti lé sí i, títí kan ti àwọn tó ti san tán! Ṣé kí n máa kọ iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀ ni, àbí kí n máa ṣí ojú ewé tuntun nígbàkígbà tí ẹja bá gbówó lé? Tètè fèsì, ọjọ́ ọjà ń bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Bọ́lá