Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú laptop

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Láti ìgbà náà, láti Mayfair dé Sábó nílùú Ilé-Ifẹ̀ yìí, ìbéèrè kan náà ni àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń gbọ́: ẹ bá mi fi Windows tuntun sí i, ẹ bá mi yọ hard disk yìí kí ẹ fi SSD (disk tó yára, tí kò ní ohun tó ń yí nínú) sí i, tòkunbọ̀ mi ti ń wọ́lẹ̀ jù. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé ọ̀pọ̀ ń gbé laptop sílẹ̀ láì ní ẹ̀dà fáìlì kan ṣoṣo níbòmíràn, wọ́n á sì ní, “Ẹ má jẹ́ kí nǹkan mi sọnù o.” Iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ yunifásítì wà nínú ẹ̀, fọ́tò ìsìnkú bàbá wà nínú ẹ̀, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ni fáìlì ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nílé. Kò le.

Ẹ ra hard disk ìta, èyí tí wọ́n ń fi wáyà USB so mọ́ laptop. 1 TB tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Bí inú ojú USB laptop yín bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, USB 3.0 nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wáyà bọ̀. Fáìlì 200 GB á parí níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Ní ojú USB 2.0, ó máa tó wákàtí méjì. Tó bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò kéékèèké ni, ó máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Copy ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ Cut. Bí iná bá lọ tàbí tí wáyà bá já lẹ́nu Copy, ojúlówó ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀; ẹni tó tẹ Cut ni yóò máa wá èyí tó ti kọjá àti èyí tí kò tíì kọjá. Tó bá parí, ẹ tẹ Properties lórí fódà méjèèjì: iye fáìlì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ tún ṣí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú hard disk ìta náà, kí ẹ fojú ara yín rí i pé wọ́n ṣí. Kí ẹ tó fa wáyà yọ, ẹ tẹ Eject.

Documents nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kó. Desktop ńkọ́? Downloads ńkọ́? Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní bọ́tìnnì Backup tirẹ̀, nítorí inú Documents kọ́ ló ń kó àkọsílẹ̀ sí. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Yorùbá, tiyín tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ láyé àtijọ́ ló jẹ́ pé fọ́ǹtì àkànṣe la fi tẹ̀ wọ́n, èyí tó gba ipò lẹ́tà mìíràn láti fi ya ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Bí ẹ bá kó ìwé náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, wúruwùru lẹ máa rí: àmì owó níbi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ wà, àmì ìbéèrè níbi tó yẹ kí lẹ́tà ọ wà. Ẹ wọ inú fódà Windows, ẹ ṣí Fonts, ẹ kó fọ́ǹtì náà mọ́ ẹrù. Ẹ tún ṣe ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan ní PDF, torí PDF sábà máa ń gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ dání.

Ẹ ṣọ́ra fún flash “2 TB” tí owó rẹ̀ kò ju ti 32 GB lọ. Irọ́ ni wọ́n kọ sínú ọpọlọ rẹ̀. Ó máa gba fáìlì yín wọlé, orúkọ wọn á hàn, àmọ́ gbogbo èyí tó kọjá ìwọ̀n tòótọ́ rẹ̀ ti bómi lọ. H2testw, ètò ọ̀fẹ́ kan, máa ń kọ nǹkan kún un dẹ́nu, á sì kà á padà. Ibẹ̀ ni àṣírí máa tú. Àmọ́ ẹ má bá ọlọ́jà jà tí 500 GB bá ń fi 465 hàn. 1,000 ni ilé iṣẹ́ fi ń kà, Windows ń fi 1,024 kà.

Ó wá kan SSD. Hard disk oníyípo ń ka nǹkan bí 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD oní-SATA ń ka bíi 500, oní-NVMe lè kọjá 3,000. SATA àti NVMe ni ọ̀nà méjì tí SSD ń gbà bá laptop sọ̀rọ̀. Láti oníyípo bọ́ sí SATA ni ojú ti máa là jù. Ẹni tó bá ń tẹ ìwé lásán kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ èyí tó kù. Ẹ wo ibi tó máa wọ̀ kí ẹ tó sanwó. Pélébé M.2, tó fẹ̀ tó mìlímítà 22, tó sì sábà gùn tó 80, lè jẹ́ SATA tàbí NVMe. Méjèèjì lè wọ ihò kan náà, síbẹ̀ kí laptop má rí i rárá, torí pé SATA nìkan ni ihò ọ̀hún gbọ́. NVMe sábà máa ń ní gígé kan lẹ́nu, M.2 oní-SATA sábà máa ń ní méjì. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò ní dídagun. Ìdí rẹ̀ á nàró díẹ̀, kò bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì bíńtín yẹn dè é. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú laptop, ẹ ti yọ ṣájà, kí ẹ sì ti yọ bátìrì tàbí wáyà rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin, torí iná ara aṣọ lè ba SSD jẹ́.

Ẹni tó fẹ́ kí Windows rẹ̀ bá a lọ bó ṣe wà lè lo Clonezilla, ètò ọ̀fẹ́ tó ń da gbogbo ohun inú disk kan kọ sórí òmíràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: hard disk àtijọ́ jẹ́ 500 GB, SSD tí wọ́n rà jẹ́ 480. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé 100 GB péré ni wọ́n lò, Clonezilla máa kọ̀ ọ́, torí gbogbo ààyè disk ló ń wò. Ẹ ra 512, ẹ sinmi. Kí bátìrì laptop kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, UPS gbọ́dọ̀ wà. Ẹ wò ó bóyá BitLocker, àgádágodo Windows tó ń ti disk pa, wà lórí laptop náà. Bó bá wà, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ (recovery key), tó ní òǹkà 48, sórí ìwé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè ti ara yín mọ́ta.

Bí hard disk bá ti ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe CHKDSK (àyẹ̀wò disk ti Windows), ẹ má tàn án wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Orí tó ń kàwé nínú rẹ̀ ló ti ń bàjẹ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án ló lè máa ha ojú rẹ̀ sí i. Èyí tí kò tíì dún, ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara disk ṣe yá sí, wò ó. Tó bá ti kọ Caution, ẹ kó ẹrù jáde lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀dà kan nílé kò tó. Olè tó gbé laptop lè gbé hard disk ìta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa á sì ti èyí tí ẹ fi sílẹ̀ nínú USB pa pẹ̀lú. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà kejì sílé ẹ̀gbọ́n yín ní Modákẹ́kẹ́, kí ẹ fi BitLocker tì í, tó bá jẹ́ pé Windows yín ní in. Google ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti fọ́tò wà lára rẹ̀; ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀ àti iṣẹ́ àṣekágbá ni kí ẹ fi síbẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó á jẹ dátà yín tán.

Hard disk tí wọ́n bá yọ, tiyín ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹnjiníà kí ẹ tó sanwó, títí kan èyí tí wọ́n ní ó ti kú. Format kíákíá kì í pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá rà á ní àlòkù lè fi ètò ọ̀fẹ́ gbé fọ́tò yín jáde.

Èmi ni tiyín,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan,
Sábó, Ilé-Ifẹ̀