Kì í ṣe gbogbo inú rírun ni jẹ̀díjẹ̀dí

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi èyí síwájú àwọn òǹkàwé yín. Ó ń dun àwa tí à ń tọ́jú àìsàn inú bí àwọn èèyàn ṣe ń gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù léraléra, tí wọ́n ń mu Flagyl àti àgbo jẹ̀dí, tí inú sì ń run wọ́n síbẹ̀. Àyẹ̀wò Widal kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé táífọ́ọ̀dù ni.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní IBS (irritable bowel syndrome), àìsàn ìfun tó máa ń mú inú run léraléra. Bí ìdààmú bá pọ̀, ọpọlọ àti ìfun kì í gbọ́ra wọn yé mọ́. Ìfun á máa sáré jù tàbí kó máa fà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ẹlòmíì ò ní mọ̀ lára á sì máa dunni bí ọgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kì í fi í gbé ohunkóhun jáde, bẹ́ẹ̀ ìrora náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí èèyàn bá ń rù, bí inú bá ń jí i lóru, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 50 ọdún, kó tètè lọ sílé ìwòsàn.

Ìdí ìkòkò ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ tún da omi àkọ́sè nù: ṣúgà tó ń di afẹ́fẹ́ nínú ìfun máa ń bá omi lọ. Ti àlùbọ́sà náà ń yọ́ sínú omi, àmọ́ kì í yọ́ sínú epo. Ẹ gé e ńláńlá, ẹ dín in kí epo ta sánsán, kí ẹ kó o kúrò kí ẹ tó da ata sí i.

Fún ìdààmú fúnra rẹ̀, ẹ máa fi ikùn mí, kì í ṣe àyà: ẹ mí sínú fún ìṣẹ́jú àáyá 4, ẹ mí síta fún 6, fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹta kò ní rí àǹfààní rẹ̀.

Èyí tó ká wa lára jù ni bí àwọn ẹbí ṣe ń da amitriptyline nù, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí dókítà tún máa ń fún ẹni tó ní IBS, wọ́n ní oògùn wèrè ni. 10 mg lálẹ́ ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún inú, kì í sábà ju 30 lọ; ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń tó 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrora tó ń ti ìfun lọ sí ọpọlọ ló ń mú rọlẹ̀. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2023, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹnu á gbẹ, oorun á máa kunni. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ ní láti sọ fún dókítà, torí ó lè mú un le sí i.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àìsàn inú,
Ìbàdàn.