Àmín Tí A Gbé Mì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, àwa kan láti ìjọ yìí lọ síbi ìkómọ. Ọmọ wa ni ìyá ọmọ, ilé Mùsùlùmí ni ọkọ rẹ̀ ti wá, bàbá ọkọ gan-an sì ni áàfáà àdúgbò wọn. Bàbá gbé ọmọ lé itan, ó gbàdúrà fún un dáadáa, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo ilé ṣe "Àmín!" Mo ṣíjú wo apá ọ̀tún mi, mo rí mẹ́ta nínú àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n panu mọ́ bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Ọ̀kan tilẹ̀ kọjú sí kúlà ìrẹsì.

Inú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀ ni mo ti bi wọ́n. Èyí tó dàgbà jù ní, "Ẹ má bínú sà, Pásítọ̀. Àlùbáríkà kọ́ là ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbùkún ni tiwa."

Mo ní, "Ó dáa, Màmá. Kí lẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ẹ jí láàárọ̀ yìí?"

"Àdúrà ni, sà."

Ẹ̀rín pa mí. Ibi tí àlùbáríkà ti wá ni àdúrà náà ti wá, inú èdè Lárúbáwá. Ẹ̀bẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kí èèyàn ké pe Ọlọ́run. Àwọn Mùsùlùmí ló gbé e wọlé, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá kí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyìnrere. Nígbà tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọn ò jókòó máa hun orúkọ tuntun fún ohun tí ará ọjà ti ní orúkọ fún. Èyí tí wọ́n bá lẹ́nu èèyàn ni wọ́n mú.

Bí Mẹlikisédékì inú Jẹ́nẹ́sísì ṣe di àlùfáà, ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú áàfáà, nìyẹn. Wáàsí tí wọ́n ń ṣe nínú Ramadan àti ìwàásù tí mò ń ṣe fún yín láràárọ̀ Sunday, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kèfèrí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Orúkọ tí Mùsùlùmí ń pe ẹni tí kò gba ẹ̀sìn wọn, tó lè jẹ́ èmi àti ẹ̀yin, la gbé sínú Sáàmù kejì tí a sì ń fi pe ẹlòmíì. Wòlíì ní tirẹ̀ yí padà lójú ọ̀nà. Ẹni tí Ọlọ́run rán níṣẹ́, ànábì ni Mùsùlùmí ń pè é: Ànábì Músá, Ànábì Ísá. Wòlíì ní èdè Lárúbáwá ni ẹni tó sún mọ́ Ọlọ́run, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tí a bá ní ká dá ìtumọ̀ yẹn padà lónìí, mi ò mọ iye pátákó ojú títì tí yóò ṣẹ́ kù.

Àlàáfíà ni mo fẹ́ ká jókòó tì díẹ̀. Lárúbáwá ni òun náà, ìlera ló sì ń sọ, kí ara le. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kí ara wa pé, "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Ẹ wá ṣí Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin. Ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù kú lórí itan rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó gbé òkú lọ sórí ibùsùn Èlíṣà ní yàrá òkè, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún òun. Ọkọ ní kí ló ń lọ ṣe lọ́dọ̀ ènìyàn Ọlọ́run, ṣebí kì í ṣe oṣù tuntun, kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Ó ní àlàáfíà ni. Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, sáré pàdé rẹ̀ lọ́nà: ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé àlàáfíà ni ọkọ wà, ṣé àlàáfíà ni ọmọ wà? Ó tún ní àlàáfíà ni. Ìgbà tó di ẹsẹ̀ Èlíṣà mú ni ọ̀rọ̀ tó tú.

"Ṣálọ́ọ̀mù" ló wà níbẹ̀ ní èdè Hébérù, nínú ìbéèrè àti nínú ìdáhùn, òun àti sàláámù àwọn Mùsùlùmí sì jọ ti ìdílé kan wá ni. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di "It is well" tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ pé ìkíni lásán ni Géhásì ń kí i, irú èyí tí aládùúgbò ń kí wa láàárọ̀. Ara ọmọ ló ń béèrè, ara ọmọ sì ti tutù lórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Mùsùlùmí ló jẹ́ ká gbọ́ ọ báyìí.

Ohun kan wà tí a ò yá tán o. Mùsùlùmí ya ìrun sọ́tọ̀ kúrò lára àdúrà. Nínú ìrun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ̀ba, wọ́n á forí kanlẹ̀, ìyìn ló pọ̀ níbẹ̀. Fátíhà, orí àkọ́kọ́ Kùránì, tí wọ́n ń ké nínú rẹ̀, ọ̀nà tààrà ni wọ́n fi ń tọrọ. Àwa mú àdúrà nìkan, ẹ̀bẹ̀, a sì fi ń pe gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, ó hàn ní ìpàdé wa ọjọ́ Àlàmísì: fún mi, ṣe é fún mi, bá mi mú wọn, títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ orúkọ Baba, ìjọba rẹ̀ àti ìfẹ́ rẹ̀ ni Jésù kọ́ wa láti fi ṣáájú oúnjẹ òòjọ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kírun. Àwa àti wọn ò gbà fún ara wa lórí ẹni tí Jésù jẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àmín tí àwọn Màmá gbé mì yẹn ni mò ń sọ. Ti Hébérù ni, àwọn Júù ń ṣe é nínú sínágọ́gù títí dòní. Nígbà tí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown ní ọjọ́ 9 oṣù January 1844, "Kí ó ṣẹ" ni àwọn èèyàn ń fi gba àdúrà, ohun kan náà tí Àmín ń sọ.

Sunday tó ń bọ̀ ni a ó gba ọmọ náà wọlé níbí. Bàbá áàfáà ti pè mí, ó ní òun ń bọ̀, ó béèrè ibi tí òun máa jókòó sí. Mo ní kó jókòó níwájú. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo fi bàbá sí.

Olùṣọ́-àgùntàn yín