Mojísọ́lá, torí fáàfù àyà rẹ ni mo ṣe ń kọ̀wé

Òkèlísà, Oǹdó.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àjọkẹ́,

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé fóònù. Mo ní kí Fẹ́mi kọ ọ̀rọ̀ sí ọ lórí WhatsApp, ó ní o ti kà á, o ò fèsì. Bó bá jẹ́ àárẹ̀ ni, sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé inú mi ló ń bí ọ, sọ ọ́ sí mi létí kí n gbọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ohun tó wà láyà rẹ yìí kì í sì í ṣe èyí tí à ń dákẹ́ lé lórí. Dókítà ní wọn yóò pààrọ̀ fáàfù ọkàn rẹ, kí o yan bóyá onírin ni o fẹ́ tàbí ti ẹran.

Ewúrẹ́ ti bí, méjì, abo ni méjèèjì. Páànù ẹ̀yìnkùlé ń jò, mo ti ní kí káfíńtà wá. Fẹ́mi ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ ra iṣu lọ́jà, mo pàdé àǹtí Dàpọ̀. Ó kí mi kú oríire. Mo ní oríire kí ni? Ó ní, "Ẹ ò tíì gbọ́ ni? Mojí ti sọ fún dókítà pé fáàfù ti màlúù lòun fẹ́. Dàpọ̀ ò kúkú fẹ́ onírin tí yóò máa dún bí aago láyà ìyàwó rẹ̀ lóru." Orí mi wú. N kò rántí gba ṣéńjì iṣu tí mo rà. Ṣé òótọ́ ni, Mojí? Èmi tí mo bí ọ, inú ọjà ni mo ti gbọ́?

N kò bá Dàpọ̀ jà. Ọmọ dáadáa ni, òun ló gbé ọ lọ sí hósípítù lóru ọjọ́ tí o kò lè mí. Ṣùgbọ́n bí aago bá ń dún láyà rẹ, kó sùn sí yàrá kejì títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ìyẹn kọ́ ló yẹ kí ènìyàn fi yan ohun tí wọ́n fẹ́ rán mọ́ ọkàn rẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà yẹn ní Èkó, mo ti ń ní kí Fẹ́mi máa ka ìwé rẹ̀ sí mi létí lálaalẹ́. Ó sàn fún mi pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ ní yunifásítì UNIMED níbí. Ó ní fáàfù dà bí ilẹ̀kùn tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, tí kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn; tìrẹ ti nípọn, ó ti lẹ̀ mọ́ra, kò ṣí tán, kò sì tì tán. Ó ní ní Amẹ́ríkà ní 1960, dókítà kan tó ń jẹ́ Albert Starr àti ẹnjiníà kan, Lowell Edwards, fi bọ́ọ̀lù kékeré sínú àgò, wọ́n fi rọ́pò irú fáàfù tìrẹ gan-an. Bọ́ọ̀lù nínú ọkàn ènìyàn! Mo ní kó tún un kà.

Fáàfù onírin ayé ìsinsìnyí kì í ṣe irin pátápátá. Kábọ́ọ̀nù líle ni wọ́n fi ṣe ewé ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, kì í sì í gbó bọ̀rọ̀, ó lè bá ènìyàn dọ́jọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ dì sí i lára, nítorí náà Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ni lójoojúmọ́, títí ayé, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INR. Fún irú fáàfù tìrẹ, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà láàrin 2.5 sí 3.5. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì kó lọ dí iṣan ọpọlọ. Bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya láìdá.

Ti ẹran ńkọ́? Awọ tó bo ọkàn màlúù ni, tàbí fáàfù ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá ń lù déédéé, Warfarin lè má ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ń gbó. Ọdún 10 sí 15 ni wọ́n máa ń sọ, kíá ló sì ń gbó lára ọ̀dọ́ ju lára àgbàlagbà lọ. Ọmọ ọdún 27 ni ọ́.

Wọn yóò tún àyà rẹ là, Mojí. Ohun tó ń jí mi lóru nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n fẹ́ là á yìí, ilẹ̀ bàbá rẹ ní ọ̀nà Àkúrẹ́ ni mo tà. Mo jẹ́ ẹni ọdún 61. Bó bá di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ta ni yóò jókòó ti ibùsùn rẹ? Ilẹ̀ wo ni wọn yóò tà? Fẹ́mi ní àwọn kan ti ń gba iṣan itan wọlé báyìí lọ fi fáàfù tuntun sínú èyí tó gbó, láìla àyà. Mo ní ṣé yóò rí bẹ́ẹ̀ fún ìwọ náà? Ó ní òun kò lè ṣèlérí. Mo ní kó dákẹ́ nígbà náà.

Mo mọ̀ pé ọmọ ló wà lọ́kàn rẹ. Dókítà ti là á yé wa: Warfarin máa ń dé ara ọmọ inú oyún, ó sì lè bà á jẹ́, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹni tó ní onírin bá sì dá oògùn dúró nítorí oyún, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí fáàfù náà kó gbẹ̀mí òun fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń bí i, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ heparin àti ìṣọ́ra gidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe oyún tí à ń ní ká tó wá lọ sọ fún dókítà. Níbi ìgbéyàwó Bọ́lá, lójú gbogbo ènìyàn, mo ní nígbà wo ni tèmi náà yóò gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ náà. Mo kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Bí o kò bá bímọ kankan, ọmọ mi ni ọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwọ gan-an lo fẹ́ ọmọ, tí kì í ṣe èmi, tí kì í ṣe ìyá Dàpọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Nígbà tí mo jókòó láti kọ̀wé yìí, ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju pé kí o gba onírin, kó parí síbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú bébà kan, mo sì ti fà á ya. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

O rántí ọdún tí o pé mẹ́sàn-án? Ọ̀fun ló kọ́kọ́ dùn ọ́. Mo fún ọ ní omi oyin. Ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúnkún rẹ wú. Bó ṣe ń rọlẹ̀ níbẹ̀, ó bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, ó tún bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́. Mo fi àdí pa á, mo fún ọ ní àgbo, mo ní ara ọmọ tó ń dàgbà ni. Bàbá rẹ ló gbé ọ lọ. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ àyà rẹ lọ́jọ́ náà ní ọ̀fun yẹn ló dé ọkàn, pé abẹ́rẹ́ penicillin lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò dáàbò bò ọ́, títí tí o fi máa dàgbà.

A ṣe é fún ọdún kan. O máa ń sunkún láti ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ a máa ro ọ́ di ọjọ́ kejì. Àánú rẹ ń ṣe mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àánú nìkan kọ́. Bàbá rẹ kó owó abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́fà fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo fi kún owó àǹkárá tí mo ń tà. Mo ní n ó dá a padà bí ọjà bá tà. Ọjà kò tà. Bó bá bi mí, mo ní a ti lọ. O ń sáré, o ń ta òkòtó, mo ní ara ọmọ ti yá. Bàbá rẹ kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé a ń lọ. N kò sọ fún un. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Èmi tí n kò lè ka ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n nítorí rẹ, èmi ni mo fẹ́ pàṣẹ fún ọ pé kí o máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́ fún àádọ́ta ọdún. Mo ti wò ó, kì í ṣe torí pé ó dára fún ọ ni mo ṣe fẹ́ onírin. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é kó tán, kí n má tún rí àyà rẹ ní lílà, torí ìgbàkígbà tí wọ́n bá là á, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Nítorí náà, yan èyí tí o bá lè gbé. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí ìwé, bi dókítà bóyá wọ́n lè tún èyí tí o ní ṣe láìpààrọ̀ rẹ̀. Bi í pé bó bá jẹ́ ti ẹran, ọdún mélòó ló rò fún ẹni ọjọ́ orí rẹ, kì í ṣe fún àgbàlagbà. Bó bá jẹ́ onírin, wo ibi tí ò ń gbé: ṣé ibi àyẹ̀wò INR wà nítòsí, ṣé owó rẹ̀ kò ní wọ́n ọ lọ́rùn lóṣooṣù? O lè máa jẹ ẹ̀fọ́ o, Fẹ́mi ní kó ṣáà jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kì í ṣe ìkòkò kan lónìí, òfo lọ́la. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ibuprofen, oògùn tí ẹnikẹ́ni bá gbé fún ọ nínú mọ́tò, rárá. Èyíkéyìí tí o bá sì yàn, bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín rẹ, sọ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnu rẹ, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fún ọ ní oògùn.

Abẹ́rẹ́ penicillin kò sì tán. Dókítà ní fáàfù tuntun kò ní kí a dá a dúró. Mo ti ra kàlẹ́ńdà, mo ti fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ká títí dé Disẹ́ńbà.

Gbé fóònù, Mojí. Bí o bá fẹ́ bú mi lórí ọ̀rọ̀ owó abẹ́rẹ́ yẹn, gbé e kí o bú mi. Bó ti wù kó rí, mo ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mọ́tò àkọ́kọ́ ni n ó wọ̀. Iṣu ni mo ń gbé bọ̀, àti kàlẹ́ńdà náà. N kò ní mú àgbo kankan dání.

Èmi ni ìyá rẹ.