Lẹ́tà sí Àjọkẹ́: aláǹtakùn tí mi ò tíì lè sọ lórúkọ

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn gan-an. Òtútù Copenhagen ń ṣe mí bó ṣe ń ṣe gbogbo ọmọ Ìbàdàn tó bá dé ibí, ṣùgbọ́n ara le, ọpẹ́ ni.

Nínú ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, o ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò tíì rí aláǹtakùn kan rí, o sì ń rẹ́rìn-ín pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún èèyàn nítorí aláǹtakùn. Wọ́n ń san án. Kò kàn pọ̀ ni.

Ẹ̀wẹ̀, èyí tó wà níwájú mi yìí, èèyàn ti rí i. Ẹnì kan ló fi asẹ́ jọ̀ ọ́ jáde nínú ewé jíjẹrà, lórí òkè kan ní Tànsáníà. Ó sọ ọ́ sínú ìgò sipíríìtì, ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ òkè náà, bó ṣe ga tó àti ọjọ́ tó mú un sára bébà pélébé kan, ó sì ti bébà náà bọ inú ìgò. Lọ́jọ́ tó kọ síbẹ̀ yẹn, èmi àtìwọ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Látìgbà náà ni ìgò ọ̀hún ti wà lórí pẹpẹ ní mùsíọ́ọ̀mù. Àwọn kan tiẹ̀ ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2012: láti ìgbà tí wọ́n bá mú ẹ̀dá tuntun kan títí dìgbà tí ẹnì kan á kọ nípa rẹ̀, ó máa ń tó ọdún 21 ní ìpíndọ́gba. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ìgò ló pọ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún ò tó nǹkan.

Àwọn òkè ibẹ̀ tò láti Taita ní Kẹ́ńyà, wọ́n gba Usambara àti Uluguru, títí dé Udzungwa. Afẹ́fẹ́ olómi láti Òkun Íńdíà ló ń rọ òjò sí wọn lórí, ìdí nìyẹn tí igbó wọn kò fi gbẹ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, nígbà tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó yí wọn ká di ọ̀dàn. Ẹ̀dá kékeré tó mọ́ ọn lára láti gbé inú ewé tútù, báwo ló ṣe fẹ́ gba inú oòrùn yẹn kọjá sí òkè kejì? Kálukú ń bí sórí òkè tirẹ̀, wọ́n sì ń yàtọ̀ síra títí wọ́n fi di àjèjì sí ara wọn. Nínú igbó Uzungwa Scarp nìkan, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2002 kó aláǹtakùn tó lé ní 9,000, ẹ̀yà 170 ló sì wà nínú wọn. Bó o bá rò pé mò ń bù mọ́ ọn, ọ̀bọ kan wà ní Udzungwa tó ń jẹ́ kipunji, ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀bọ o, Àjọkẹ́!

Tèmi ò ju mìlímítà méjì lọ. Lójú lásán, eruku ni. Abẹ́ maikirosikóòpù ló ti ń di èèyàn. Àwọ̀ rẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún wa, sipíríìtì ti fọ̀ ọ́ dànù. Apá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu akọ là ń wò. Ibẹ̀ ló máa ń fa àtọ̀ rẹ̀ sí kó tó lọ bá abo, àwọn ìkọ́ tó wà lórí rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Èyí tí kò bá tíì bàlágà kò ní in, kò sóhun tá a lè fi ṣe ju ká dá a padà sínú ìgò.

Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Lẹ́yìn ojú, orí akọ yìí yọ sókè bíi gèlè ìyá ìyàwó, ihò kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, irun wẹ́wẹ́ yí wọn ká. Láàárín àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí wọ́n ti wò dáadáa, abo máa ń ki ẹnu bọ irú ibẹ̀, á máa lá omi tó ń sun jáde, nígbà tí akọ bá ń ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́. Má jẹ́ kí Màmá ka ibí yìí o.

Ti abo ló nira. Abẹ́ ikùn ni ẹ̀yà ìbímọ tirẹ̀ wà, a ní láti gé e díẹ̀, ká rì í sínú òróró kànáfùrù kó lè mọ́ gaara, ká tó rí bí ọ̀nà inú rẹ̀ ṣe lọ́. Gbogbo súwẹ́tà mi ló ti ń rùn kànáfùrù. Akọ àti abo kì í sì í jọra. Èyí tí mo fura sí pé ó jẹ́ ìyàwó rẹ̀, inú ìgò mìíràn ló wà, orí òkè kan náà ni wọ́n ti mú un, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ní ti orúkọ, mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ pé kí n fi orúkọ rẹ sọ ọ́. Lóòótọ́, wọ́n sọ aláǹtakùn kan ní Malaysia ní Heteropoda davidbowie lọ́dún 2008, nítorí olórin tó ń jẹ́ David Bowie. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má sọ ọ̀kan ní Àjọkẹ́. Àmọ́ lójú tèmi, àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ń gbé ẹrù gun òkè, tí wọ́n mọ ibi tí omi wà nínú igbó, àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ gba irú ẹ̀yẹ yẹn, ó sì ń dùn mí pé wọn kì í sábàá rí i gbà. Jẹ́ kí Màmá Tóbi tó ò ń jẹ́ tó ọ.

Kí n tó sọ ọ́ lórúkọ rárá, mo gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹlòmíì ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Clerck ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí aláǹtakùn jáde ní Sweden lọ́dún 1757 ni wọ́n ti ń sọ aláǹtakùn lórúkọ. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin 2022, ẹ̀yà tó pé 50,000 ti wọ àkọsílẹ̀ aláǹtakùn gbogbo ayé tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Bern, ní Switzerland. Ọmọ Brazil ni ìyẹn. Mo ti yẹ àwòrán gbogbo mọ̀lẹ́bí tèmi wò tán, ó ku ẹnì kan: àwòrán tí wọ́n yà nípa rẹ̀ láyé ọjọ́un kò mọ́ tó, mo sì ti kọ̀wé sí mùsíọ́ọ̀mù Tervuren ní Bẹ́ljíọ̀m pé kí wọ́n yá mi ní ìgò rẹ̀. Ìkọ́ tèmi là sí méjì lórí. Bí tiwọn bá jẹ́ ẹyọ kan, màá fi orúkọ tuntun ránṣẹ́ sí ọ. Bí tiwọn náà bá là, a jẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó bí wa, orúkọ yẹn náà ni màá kọ sára ìgò.

Fi fọ́tò ọjọ́ ìbí Tóbi ránṣẹ́ sí mi, má fi ṣe ọ̀la.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́